Ògì Ṣáájú Iyán: Iṣẹ́ Tí Mo Ṣe Láàárín Àwọn Kòkòrò Tí Ebi Ń Pa

Inú ló bí mi tí mo fi mú bírò. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sẹ́kọ́ńdìrì wá jókòó tì mí, ó ní, "Mọ̀ọ́mì àgbà, iṣẹ́ lábù bíi tiyín ni mo fẹ́ lọ kọ́." Inú mi dùn. N kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tán tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn Ìkẹ́rẹ́ fi dá sí ọ̀rọ̀ wa. Ó ní kí ni wọ́n tún ń kọ́ níbẹ̀, ṣebí ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí. Ó ní kòkòrò inú omi gan-an kò ṣòro pa, kéèyàn ṣáà gbé omi jókòó kó pẹ́, ebi á pa gbogbo wọn kú. Ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó dúró síbẹ̀ sì bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹ gbà mí o! Ebi á pa wọ́n kú! Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ti ìyá arúgbó kan sínú sàréè níṣojú mi, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba oúnjẹ jẹ́ lẹ́nu obìnrin aláìṣẹ̀ kan. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí tàbí kí ẹ máà kọ́ ọ, ẹ sún mọ́bí, kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò gba ìtàn. Mo jáde ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ìjọba kan lágbègbè wa níbí, wọ́n mú mi. Owó oṣù ń wá nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá jẹ́ pé tìtorí owó ló ṣe ń bọ̀, kó yáa lọ máa ta símẹ́ńtì.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Bàbá Onídígí ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí maikirosikóòpù rẹ̀, dígí tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí. Ọmọ aba kékeré kan tí à ń pè ní Òkè-Àpáta ni, lójú ọ̀nà Emùré. Ọkùnrin náà le! Ọdún kan gbáko ni mo fi ń fọ àwo àti ìgò kí n tó fojú kan inú dígí yẹn. Á gbé ìgò sókè síbi ìmọ́lẹ̀, bó bá rí ipa ìka kan ṣoṣo, gbogbo ìgò tí mo fọ̀ láàárọ̀ yẹn ni màá tún fọ̀. Lọ́jọ́ kan mo bú sẹ́kún. Ó wò mí títí, ó ní, "Sunkún tán, Fúnmi. Tó o bá ti sunkún tán, tún ìgò yẹn fọ̀. Iyọ̀ wà nínú omijé."

Bí inú bá bí i, Yorùbá inú ìwé á sá lọ, èdè ulé, Èkìtì gidi, á sì dé. Ìgbà yẹn ni èmi máa ń mọ̀ pé kí n wá ibi gbà.

Ó ní ìgò kan lórí pẹpẹ tí kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Omi tí a ti sè dáadáa ló wà nínú rẹ̀. Ó ti bu kòkòrò odò díẹ̀ sínú omi náà, irú èyí tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì dé e pa. Kò fi oúnjẹ kankan sí i. Ìgbàkúùgbà tó bá wù ú, á fa ẹ̀kán kan jáde níbẹ̀, á tẹ́ ẹ sábẹ́ dígí, á pè mí.

"Kí lo rí?"

Ní àkọ́kọ́, wọ́n rí gbọọrọ bí igi ìṣáná, wọ́n ń sáré kiri. Nígbà tó yá, wọ́n kúrú. Bàbá ní wọ́n ń pín sí méjì láìkọ́kọ́ dàgbà, ìdí nìyẹn tí ọmọ fi ń kéré ju ìyá lọ. Nígbà tó tún yá, wọ́n di roboto, wọn ò lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Wọ́n ti jẹ ohun tí wọ́n kó pamọ́ sára tán, wọ́n wá ń tú lára ara wọn jẹ, bí ẹni tó ń yọ igi àjà ilé rẹ̀ dáná. Ọ̀pọ̀ kú, àwọn tó kù sì ń jẹ òkú wọn.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún pè mí. "Kí lo rí?"

Mo ní, "Wọn ò mira mọ́, sà. Wọ́n ti kú."

"Ta ló kú? Ìwọ ò tíì kú, àbí? O sùn lánàá, o mira bí?"

Ó fa omi yẹn díẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí oúnjẹ tí a ń gbìn wọ́n sí nínú àwo dígí, oúnjẹ líle tó lọ́ràá dáadáa. A dúró títí, nǹkan kan kò hù. Ó wá ní kí n po oúnjẹ mìíràn, kí n jẹ́ kó ṣàn, kó fúyẹ́, bí oúnjẹ aláìsàn. A tẹ́ omi kan náà sórí ìyẹn, a sì fi í sílẹ̀ pẹ́. Ẹ wò ó, wọ́n jí! Wọ́n hù pìtìpìtì bí imú abẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ti jí tán ni a wá kó wọn sórí oúnjẹ líle, wọ́n sì jẹ ẹ́ bí ẹní ń jẹ ọdún.

Bàbá Onídígí yí sí mi. "Ẹni tí ebi ti pa pẹ́, bó o bá fún un ní uyán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni yóò ṣe é?"

"Á pa á, sà."

"Ògì lo ó kọ́kọ́ fún un. Tó bá lágbára díẹ̀, kó o tó gúnyán. Má gbàgbé láé."

N kò gbàgbé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Láti ọjọ́ náà, omi yòówù tó bá ti jókòó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá fún àyẹ̀wò, ògì ṣáájú iyán ni. Òfin ilé wa nìyẹn.

Mo fẹ́ ṣe ọlọ́gbọ́n lọ́jọ́ kan, mo ní, "Sà, ebi ti kọ́ àwọn tó kù yìí lọ́gbọ́n." Ó lu tábìlì gbàà! "Ebi kì í kọ́ kòkòrò lọ́gbọ́n! Nínú ogunlọ́gọ̀ yẹn, ìwọ̀nba díẹ̀ ti wà tí ìṣẹ̀dá wọn yà díẹ̀ sí ti ẹgbẹ́ wọn. Nígbà tí oúnjẹ pọ̀, ìyàtọ̀ yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ebi dé, àwọn yẹn ló lè jẹ ohun tí àwọn yòókù kò lè jẹ. Àwọn ló bímọ. Ọmọ wọn ló kún inú ìgò yìí. Àwọn tó wà níbẹ̀ báyìí kọ́ ni àwọn tó wọlé." Ẹ gbọ́ bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ni. Ó tún fi kún un pé oògùn tí ń pa kòkòrò, àwọn tó ń dàgbà ló rọrùn fún un jù lọ láti pa. Èyí tó bá ká kò tó sùn, oògùn á kọjá lórí rẹ̀. Síbẹ̀ ẹ máa ń lo oògùn ọjọ́ méjì, ara á yá, ẹ ó ju ìyókù sórí àjà. Ẹ ò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Bàbá fẹ̀yìn tì, ó padà sí Òkè-Àpáta lọ ń dá oko kòkó. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Sítóòfù tí a fi ń se àwo lọ, ẹ̀rọ oníná dé. Oúnjẹ tí a ń fọwọ́ po lọ, èyí tó ti wà nínú ike láti òkè òkun dé. N kò bá ẹ̀rọ jà o! Ìgbà tí wọ́n gbé maikirosikóòpù oníná dé, mo jó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tuntun kan bá àwọn ẹ̀rọ náà dé, òun nìjà mi. Ọmọ Èkìtì bíi tèmi ni, ó kàwé, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Lọ́sẹ̀ tó dé, ó rí ìkòkò tí mo fi ń po oúnjẹ fífúyẹ́, ó béèrè pé kí ni. Mo ṣàlàyé. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ògì! Màdáámù, ọmọ Èkìtì ni mí. Bí ebi bá ń pa àlejò, iyán la fi ń kí i."

Bó ṣe kó ìkòkò mi jáde nìyẹn. Ó ní oúnjẹ tó dára jù lọ ni kí a máa lò, pé kòkòrò tí kò bá hù lórí rẹ̀ ti kú. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù sì ń pè mí ní Ìyá Ológì. Èmi tí mo ti wà níbẹ̀ kó tó mọ apá ibi tí ilẹ̀kùn wà! Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà ni?

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ tánkì Òkè-Àpáta dé. Ọmọ wọn kan tó wà l'Ékòó ṣe wọ́n lóore, ó gbé tánkì ńlá lé orí kọnkéré fún wọn. Ìgbà òjò ni wọ́n fa omi odò kún un, wọ́n sì ti ẹnu rẹ̀ pa, nítorí àṣà wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mu omi tuntun títí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi yóò fi wálé lọ́dún, kí àgbà àdúgbò sì kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Oṣù lé oṣù ni omi yẹn fi jókòó nínú òkùnkùn, láìsí oúnjẹ. Ó tòrò, ó mọ́ gaara. Ẹ tiẹ̀ lè rí ojú yín nínú rẹ̀.

Wọ́n gbé díẹ̀ wá fún àyẹ̀wò. Ọ̀gá tuntun tẹ́ ẹ sórí oúnjẹ líle rẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, àwo mọ́. "Omi mọ́!"

Mo ní, "Ọ̀gá, omi tó ti pẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fún un ní fífúyẹ́, ká dúró díẹ̀."

"Wọ́n ti pe àwọn èèyàn, Màdáámù. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa dúró de ògì yín ni?"

Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi, mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí! Ó buwọ́ lù ú, ó gbé èsì fún wọn. Mo ránṣẹ́ sí ọmọ wọn tó wà l'Ékòó náà pé kó sún ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí tánkì síwájú. Ó ní ṣé èmi ni màá dá owó àga àti àgọ́ padà ni? Bàbá Onídígí ni mo fẹ́ pè, ṣùgbọ́n kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Òkè-Àpáta àfi bí èèyàn bá gun orí àpáta, eékún Bàbá kò sì gbé àpáta mọ́. Mo wá bu nínú omi tó kù, mo gbé e relé, mo po oúnjẹ fífúyẹ́ nílé ìdáná mi, mo sì ń ṣọ́ àwo náà.

Àárọ̀ ọjọ́ ìṣíde gan-an ni àwọn kòkòrò náà jí. Wọ́n hù pìtìpìtì bí imú abẹ́rẹ́, bí mo ṣe mọ̀ wọ́n láti ìgbà èwe mi. N kò dúró wẹ̀. Mo gun ọ̀kadà, mo di àwo náà mú láyà, mo ń pariwo mọ́ ọlọ́kadà pé kó sáré, òun náà ń pariwo mọ́ mi pé kí n má pa òun. Nígbà tí a dé, wọ́n ti ń jó. Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù ní gbogbo aba, ti mu. Ife sì wà lọ́wọ́ Bàbá Onídígí, ó ti gbẹ.

"Bàbá! Ẹ ti mu ún?"

Ó rẹ́rìn-ín sí mi. "Fúnmi, o wá! Mo bi wọ́n dáadáa kí n tó mu. Wọ́n ní lábù ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lábù tiwa."

Mo na àwo sí i. Ó wo àwo, ó wo ife, ó ní, "Wọn ò fún un ní ògì." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ẹ̀rọ omi títí wọ́n fi tì í pa. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti mu.

Ohun tí kòkòrò kò rí jẹ nínú tánkì, ó bá a nínú ikùn èèyàn: oje inú ikùn kọ́kọ́ jí i bí ògì, oúnjẹ ọdún sì wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ìgbẹ́ gbuuru ti dá aba náà wó. Ìyá Àgbà kú. Bàbá Onídígí gbẹ bí ewé kòkó tó bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń ṣírò aṣọ òkú.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dùn mí jù. Ọ̀gá tuntun ní omi kọ́. Ó ní èsì òun wà ńlẹ̀, omi mọ́, kí wọ́n lọ wo ìdí oúnjẹ. Ta ló se oúnjẹ? Ìyá Bọ́sẹ̀, opó kan tó ń gúnyán tà lẹ́bàá ọ̀nà, tó fi ìyẹn tọ́ ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé e lé e lórí. Kò sẹ́ni tó rà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní kó kúrò láàárín àwọn. Mo kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, odó wà ní ìdojúdé, obìnrin náà jókòó tì í. Ó ní, "Ìyá Lábù, ọwọ́ mi mọ́ o. Ẹ bá mi sọ fún wọn." Inú bí mi gidigidi. Aláṣìṣe wà nínú ọ́fíìsì, wọ́n fi í sílẹ̀, aláìmọwọ́mẹsẹ̀ ni wọ́n dojú kọ!

Mo gbé àwo mi lọ bá àwọn àgbà aba. Ọ̀gá tuntun náà wá, ó ní inú ilé ìdáná ni mo ti gbìn ín, ìdọ̀tí ọwọ́ mi ló hù. Ẹnu yà mí. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi gbé Bàbá Onídígí dé lórí àga, egungun lásán. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ, ṣùgbọ́n èdè ulé ló fi sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n bu omi tánkì náà níṣojú gbogbo èèyàn. Kí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí oúnjẹ líle rẹ̀. Kí èmi náà tẹ́ ẹ sórí fífúyẹ́. Kí n sì tẹ́ omi sísè sórí fífúyẹ́ mìíràn pẹ̀lú ọwọ́ kan náà tó ní ó dọ̀tí yìí. Kí wọ́n lẹ gbogbo rẹ̀ pa, kí wọ́n gbé e sí pálọ̀ òun. "Ibẹ̀ ni n ó dùbúlẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án, kó kọ́kọ́ pa mí."

Nígbà tí ọjọ́ pé, a tún pé jọ. Oúnjẹ líle ọ̀gá, kò sí nǹkan kan. Omi sísè mi, kò sí nǹkan kan. Omi tánkì lórí fífúyẹ́, ó ti hù kún àwo. A kó èyí sórí oúnjẹ líle, nígbà tí gbogbo wa padà dé lọ́jọ́ kejì, ó ti bò ó, ó sì fi irú ẹ̀dá tó jẹ́ hàn. Òun kan náà ni wọ́n rí nílé ìwòsàn nínú ìgbẹ́ àwọn aláìsàn. Irọ́ ti sáré títí, òtítọ́ bá a níwájú pálọ̀ Bàbá Onídígí.

Ọ̀gá tuntun gbọ̀n kóòtù rẹ̀, ó ní, "Ó ṣeé ṣe."

Ó ṣeé ṣe! Èèyàn kú, o ní ó ṣeé ṣe! Kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá Bọ́sẹ̀, kò sì tọrọ lọ́wọ́ òkú. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e ga lọ sí ibi tó tóbi ju tiwa lọ. Èmi ni wọ́n kó lọ sí sítọ́ọ̀, láàárín páálí àti ekuru, wọ́n ní ẹnu mi pọ̀. Wọ́n rò pé bí wọn ò bá fún mi níṣẹ́, màá kú. Wọn ò mọ ẹni tó kọ́ mi. Mo ká kò síbẹ̀ títí òun fi lọ, mo jáde, mo gbé ìkòkò mi padà sórí iná, mo sì lò ó títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wọṣẹ́, ẹ mọ̀ pé irú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ wá bẹ́ẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí òtítọ́ hàn yẹn, bí ọ̀gá tuntun ṣe wí tiẹ̀ tán, àwọn èèyàn Òkè-Àpáta kàn dúró ni, wọ́n ń wolẹ̀. Ojú ń tì wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè wo Ìyá Bọ́sẹ̀, tó dúró lẹ́yìn níbi ilẹ̀kùn. Wọ́n ti mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ n kò rí ẹni tí yóò kọ́kọ́ jẹun níbẹ̀.

Bàbá Onídígí na ọwọ́ gbígbẹ rẹ̀ jáde nínú aṣọ ìbora.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ebi ń pa mí. Lọ po ògì wá fún mi."

Obìnrin náà sáré. Nígbà tó gbé e dé, díẹ̀ ti dà sílẹ̀. Bàbá gbà á níṣojú gbogbo aba, ó mu ún díẹ̀díẹ̀, kò yára, kò sì dúró títí ó fi tán. Ó da abọ́ náà dé sórí itan rẹ̀ kí wọ́n lè rí i pé ó gbẹ.

Ó ní, "Ó dáa. Lọ́la, kó o gúnyán."